Ọmọ Tó Ya Square Nígbà Tí Wọ́n Ní Kó Ya Rectangle

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ àrànmọ́ fáwẹ́lì la ó máa bá lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí fáwẹ́lì sinmi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wọlé wá bá mi níbí l'Ọ́tà, n kò sì lè gbé e mì.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wà ní SS1 ní ilé-ìwé kan lágbègbè Sáńgò. Ó gbé ìwé ìdánwò ìṣirò rẹ̀ wálé. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ní kí wọ́n ya rectangle kan, kí wọ́n sì kọ àbùdá rẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ náà ya àwòrán kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 4 sẹ̀ǹtímítà, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 90 dígírì. Ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra gùn dọ́gba. Pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 90 dígírì. Pé ìlà ìdábùú méjèèjì gùn dọ́gba. Pé wọ́n sì gé ara wọn sí méjì ọgbọọgba. (Ìlà ìdábùú ni mo pe ìlà tó ti igun kan dábùú lọ sí igun òdìkejì.) Kò sí èyí tó ṣì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olùkọ́ fa ìlà pupa gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé square lèyí. Òdo nínú máàkì márùn-ún.

Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, ṣé square kì í ṣe rectangle ni?"

Onímọ̀ èdè ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣé X kì í ṣe Y" ti di tèmi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì sẹ̀máńtíìkì mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo pe olùkọ́ náà lórí fóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọlúàbí sì ni. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ sà, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbà fún un, kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn ọgọ́ta tó kù?"

Mo ti ń ro gbólóhùn yẹn láti ọjọ́ náà. Olùkọ́ mọ òótọ́. Ohun tí kò ní ni ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ òótọ́ náà fún ọgọ́ta ọmọ kí ó má baà dàrú mọ́ wọn lójú. N kò lè bá a jà lórí ìyẹn, nítorí àwa tó yẹ ká fún un ní ọ̀rọ̀ náà la jókòó sí yunifásítì fún ogójì ọdún.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Ẹ mú èyíkéyìí nínú àwọn ìwé ìṣirò tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì Sáńgò, pàápàá àwọn tó jẹ́ àkópọ̀ fún ìdánwò. Ẹ ó rí àwòrán parallelogram kan, àbùdá rẹ̀ mẹ́rin yóò wà lábẹ́ rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra gùn dọ́gba, wọn kò lè pàdé bó ti wù ká fà wọ́n lọ tó, igun tó kọjú síra dọ́gba, ìlà ìdábùú gé ara wọn sí méjì. Lẹ́yìn náà ni rectangle yóò dé, wọn yóò tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kọ, wọn yóò wá fi méjì kún un: igun gbogbo jẹ́ 90 dígírì, ìlà ìdábùú gùn dọ́gba. Rhombus dé, ó tún di mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn: ẹ̀gbẹ́ gbogbo dọ́gba, ìlà ìdábùú pàdé ní 90 dígírì, wọ́n sì la igun sí méjì. Nígbà tí square bá fi máa dé, mẹ́sàn-án ni wọn yóò kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo kà á: mẹ́rin, mẹ́fà, méje, mẹ́sàn-án, ó jẹ́ ìlà 26 tí ọmọ máa há sórí. Bẹ́ẹ̀, ohun tuntun tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ. Square ò mú ẹyọ kan wá láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní, ó jogún ún. Ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rectangle wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ rhombus, àwọn méjèèjì sì jogún mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ́wọ́ parallelogram.

Ọmọ Yorùbá wo ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ogún ṣòro fún? Ọmọ Ọ̀tà mọ̀ pé Aworì ni òun, ó mọ̀ pé gbogbo Aworì ni Yorùbá, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo Yorùbá ni Aworì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí lójú pátákó. Ẹ bi í bóyá ará Adó-Odò kì í ṣe Yorùbá mọ́ nígbà tó ti jẹ́ Aworì, yóò wò yín bí ẹni tí oòrùn ti pa jù. Ọmọ yìí kan náà ló máa dé kíláàsì tí yóò sì gbà pé square kì í ṣe rectangle mọ́, torí pé ó ti jẹ́ square. Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí n ṣe ìdájọ́ òdodo fún olùkọ́ wa, nítorí ẹni ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Euclid, ará Gíríìkì tó kọ ìwé Elements ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, tò àwọn onígun mẹ́rin sí ìtumọ̀ kejìlélógún nínú Ìwé Kìíní. Ó ní square ni èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba tí igun rẹ̀ sì jẹ́ 90 dígírì. Èyí tí à ń pè ní rectangle, ó ní igun rẹ̀ jẹ́ 90 dígírì ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ KÒ dọ́gba. Ó ní rhombus ní ẹ̀gbẹ́ tó dọ́gba ṣùgbọ́n igun rẹ̀ KÌ Í ṣe 90. Ẹ rí i pé Euclid fúnra rẹ̀ lé square kúrò nínú ilé àwọn yòókù. Tí ọmọ-ọmọ mi bá fi ìwé ìdánwò rẹ̀ lé Euclid lọ́wọ́, òdo náà ni yóò gbà.

Àwọn tó tẹ̀lé Euclid ló yí i padà, kì í sì í ṣe ìfẹ́ inú lásán ni wọ́n fi yí i. Tí o bá lé square jáde, gbogbo ohun tí o bá fi ẹ̀rí ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa rectangle, o ní láti tún un ṣe fún square. Tí o bá gbà wọ́n sínú ilé kan náà, o ṣe é lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọmọ ilé ló jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan onímọ̀ èdè nìyí. Paul Grice, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, sọ àwọn àsọyé kan ní Harvard ní ọdún 1967. Apá tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ jáde ní 1975, mo sì ti fi dà yín láàmú tó nígbà náà lọ́hùn-ún. Kókó rẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ sísọ, à ń retí kí ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ sọ ohun tó mọ̀ dé ibi tó wúlò dé. Bí ẹ bá rán ọmọ pé kó lọ wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tó padà wá ní "ènìyàn kan ni", tí ẹ jáde tí ẹ rí i pé bàbá rẹ̀ ló dúró síta, ẹ ó bá a wí. Ṣé ó purọ́ ni? Rárá, bàbá rẹ̀ kì í ṣáà ṣe ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ "ènìyàn kan", ohun tí a gbọ́ ni pé kì í ṣe ẹni tí a mọ̀.

Ọmọ tó wà ní SS1 ti ń sọ èdè fún ọdún mẹ́rìnlá. Òfin yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Tó bá rí square, tí olùkọ́ pè é ní rectangle, etí rẹ̀ sọ fún un pé olùkọ́ ń sọ pé kì í ṣe square. Kì í ṣe òpè ló ń ṣe, èdè ló gbọ́ dáadáa. Èdè ìṣirò sì tàpá sí òfin yìí. Nínú ìṣirò, orúkọ kì í sọ gbogbo ohun tí o mọ̀ nípa nǹkan. Ó ń sọ ohun tó kéré jù tí nǹkan gbọ́dọ̀ ní. "Rectangle" túmọ̀ sí pé: igun 90 dígírì pé mẹ́rin, ìyókù dọwọ́ ẹ. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ èyí fún ọmọ ní ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú ẹnu, kí a tó ya ìlà kankan: níbí, orúkọ ò ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé. Lójú tèmi, èyí gan-an ni ohun tó nípọn jù nínú iṣẹ́ onígun mẹ́rin, n kò sì tíì rí i nínú ìwé kankan lábẹ́ bíríìjì yẹn.

Tọkọtaya ará Netherlands kan, Dina van Hiele-Geldof àti Pierre van Hiele, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé sẹ́kọ́ndìrì, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Utrecht ní 1957 lórí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ èyí. Wọ́n ní ọmọ kì í ti inú òkùnkùn bọ́ sínú geometry lẹ́ẹ̀kan náà, ìpele-ìpele ni. Níbẹ̀rẹ̀, ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n: èyí jọ ilẹ̀kùn, rectangle ni. Lẹ́yìn náà ni yóò mọ àbùdá. Ìgbà tó bá tún gòkè sí i ni yóò mọ bí àbùdá kan ṣe ń bí òmíràn, ìgbà yẹn ni "gbogbo square ni rectangle" máa tó ní ìtumọ̀ fún un. Ohun tó mú mi fẹ́ràn wọn ni pé wọ́n sọ pé ìpele kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀. Pé olùkọ́ àti ọmọ lè máa pe ọ̀rọ̀ kan náà kí wọ́n má gbọ́ ara wọn rárá. Dina kú láìpẹ́ lẹ́yìn tó parí iṣẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e kiri.

Ẹ jẹ́ ká padà sí èdè tiwa. Ní Yorùbá, "onígun mẹ́rin" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe square. Òun náà ni wọ́n ń pe rectangle. Òun náà la máa pe ohunkóhun tó bá ní igun mẹ́rin. Ẹnì kan lè ní àìtó nìyẹn, pé èdè wa ò lọ́rọ̀. Èmi ò gbà. Ẹ wo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "oní-" yẹn dáadáa. Onílé ni ẹni tó ní ilé. Ọlọ́kọ̀ ni ẹni tó ní ọkọ̀. Tí onílé bá lọ ra ọkọ̀ lọ́la, ṣé wọ́n máa ní kì í ṣe onílé mọ́? Ó ti di onílé àti ọlọ́kọ̀, kò sẹ́ni tó máa lé e jáde nínú ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, wọ́n á tiẹ̀ fi kún owó tó ń dá ni. "Oní-" kì í lé ènìyàn jáde. Ohun tí o ní ló ń sọ, kì í sọ ohun tí o kò ní.

Nítorí náà, ká ní a pe rectangle ní onígun-títọ́, ká pe rhombus ní ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-dídọ́gba, ta ni square? Onígun-títọ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-dídọ́gba ni. Ó ti tán. Ọmọ ò ní bi mí bóyá onígun-títọ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-dídọ́gba kì í ṣe onígun-títọ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́ sínú orúkọ mẹ́ta tí kò jọra wọn, Yorùbá gbé e síta. N kò sọ pé kí ọmọ kọ èyí sínú ìwé WAEC o. Kí olùkọ́ fi ẹnu sọ ọ́ ni mo wí, kó tó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó. Ó ṣe tán, ẹ lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì èyíkéyìí l'Ọ́tà yìí, Yorùbá ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé nígbà tí nǹkan bá le.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn pàápàá, àyálò ni. Rhombos ni àwọn Gíríìkì ń pe pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n so okùn mọ́, tí wọ́n ń fì yípo lójú afẹ́fẹ́ títí yóò fi máa ké nígbà ìsìn awo wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin Aworì tó ń ka èyí ò nílò kí n ṣàlàyé. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, obìnrin ń ka ojú ewé yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ò tó, ó yẹ kí ọmọ rí i. Mo mú ọmọ-ọmọ mi lọ sí ìsọ̀ wẹ́dà kan tó ń ṣe gẹ́ètì irin oníkíká, irú èyí tí àwọn onísọ̀ọ̀bù máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárọ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó kọjá lórí ara wọn yẹn, ihò tó wà láàárín wọn, rhombus ni gbogbo rẹ̀: irin ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó gùn bákan náà. Mo ní kó rọra fà á. Tí gẹ́ètì bá ká, ihò náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga sókè. Tí a bá fà á síta, ó fẹ̀, ó rẹlẹ̀. Irin kankan ò gùn sí i, kankan ò kúrú, igun nìkan ló ń yí padà. Ìlà ìdábùú méjèèjì, èyí tó wà lóròó àti èyí tó wà níbùú, ọ̀kan ń gùn bí èkejì ṣe ń kúrú, ṣùgbọ́n ní 90 dígírì ni wọ́n ti ń pàdé ní gbogbo ìgbà. Mo ní, "Dúró níbẹ̀." Ibi tó dúró sí, igun ti di 90, ihò ti di square. Mo bi í pé ṣé ihò yìí ti kúrò ní ohun tó jẹ́ láti òwúrọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà náà ló dáhùn, ó ní, "Gẹ́ètì náà ni, Bàbá, ó kàn dúró dáadáa ni."

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn tó ta yọ. Bíríkìlà tó bá fẹ́ fi okùn to ìpìlẹ̀ ilé, ó máa ń lo 3, 4, 5 láti mú igun kan tọ́: ẹsẹ̀ bàtà 3 lápá kan, 4 lápá kejì, tí àárín wọn bá jẹ́ 5, igun náà pé. Lẹ́yìn tó bá ta okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó wọn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra tí wọ́n dọ́gba, yóò tún wọ́n ọn láti igun sí igun, lẹ́ẹ̀mejì. Tí méjèèjì bá gùn bákan náà, yóò ní, "Ó ti síkúà." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: síkúà. Ilé náà lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 níbùú àti 50 lóròó, ó ti síkúà. Lẹ́nu bíríkìlà, síkúà ni pé igun tọ́. Kò kan bí ẹ̀gbẹ́ ṣe gùn tó. Ọmọ bíríkìlà tó bá gbọ́ síkúà nílé, tó tún gbọ́ square ní ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ méjì ló gbọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Àbùdá onígun mẹ́rin méjì ni bíríkìlà yìí lò, ní ìtẹ̀léra. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra dọ́gba, nítorí náà parallelogram ni. Parallelogram tí ìlà ìdábùú rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà rectangle ni. Kò gbọdọ̀ fo ti àkọ́kọ́. Tó bá wọn ìlà ìdábùú nìkan, trapezium tí apá méjèèjì rẹ̀ rí bákan náà lè tàn án jẹ, nítorí ìlà ìdábùú tirẹ̀ náà dọ́gba. (Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń wo ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà lórí YouTube, ẹ ṣọ́ra: ohun tí àwa àti Bìrìtìkó ń pè ní trapezium, trapezoid ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣirò tí Charles Hutton ṣe ní 1795 ni wọ́n di ẹrù ìdàrúdàpọ̀ náà lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ pé ó dúró sójú kan nìyẹn.)

Ó wá kù sọ́wọ́ wa, àwa onímọ̀ èdè. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo, ìṣirò wà níbẹ̀, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa la fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà sẹ́kọ́ndìrì ni iṣẹ́ náà ti dúró, ibẹ̀ gan-an sì ni geometry ti ń di ti ìdí àti ẹ̀rí.

Kí la ṣe lẹ́yìn náà? Ní 1984, Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú rẹ̀. Ìdìpọ̀ kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní 1990. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ti fi jẹun. Àmọ́ kí ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà fún? Fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ní Yorùbá. A wá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ tiwa. A jókòó, a jiyàn lórí fáwẹ́lì àti àfòmọ́, a jẹ ìrẹsì, a túká sílé. Àwọn àjọ ìjọba ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ò lọ bá bíríkìlà kan rí láti bi í pé kí lo ń pe èyí. Ọ̀rọ̀ síkúà yẹn, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí kí n tó fetí sí i dáadáa.

Ẹ̀yin náà sì gbọ́ nípa ìlànà èdè ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ jálẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ọ̀pọ̀ nínú yín kọ lẹ́tà sí mi pé kí n fi pẹ́ẹ̀nì jà. N kò ní okun ìjà yẹn mọ́. Ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì ni pé, ní ọdún mẹ́ta tí ìlànà náà fi wà lórí ìwé, ta ló kọ ojú ewé kan ṣoṣo nípa parallelogram ní Yorùbá tí olùkọ́ Sáńgò lè mú lọ sí kíláàsì?

Òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ti ìdánwò yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì kan lọ́nà Ìdí-Ìrókò, ó ní kí n bá òun wò ó. Ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni wọ́n ní ó jẹ́, bó ṣe máa ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí. Igbó ṣì bo ilẹ̀ náà, òpó mẹ́rin ló wà nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó fẹ́ tà á fa téépù níwájú wa: 60, 120, 60, 120. Ó pé, ó ní ká sanwó. Ọmọ-ọmọ mi tẹ̀lé wa, torí n kì í rìn lóun nìkan mọ́ nínú igbó. Ó ní, "Bàbá, wọn ò tíì wọn ìdábùú." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbá orí téépù mú, ọmọ náà gba inú koríko kọjá. Láti igun kan sí òdìkejì rẹ̀, 120. Ó tún wọn èkejì, 147.

Ká ní púlọ́ọ̀tì náà síkúà ni, nǹkan bí 134 ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. Èyí ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi gẹ́ètì tí wọ́n fà. Ọmọ náà fi fóònù ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìdúró: dípò 7,200 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má pé 6,972. Ohun tó sọnù níbẹ̀ tó yàrá kan tó jẹ́ 15 níbùú, 15 lóròó, owó rẹ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ ká san.

Ẹni tó ń tà á ò bínú, ó kàn ń wo mí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáà pé, Bàbá."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Wọ́n pé sà. Ti gẹ́ètì náà máa ń pé."

Wọ́n ti gbà láti hú òpó méjì, kí sọ̀féyọ̀ wá tún un gbìn. Máàkì márùn-ún yẹn ò tíì padà.